Ẹ Ka Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ: Bí A Ṣe Ń Tún Ètò Òwò Ìfọkọ̀ Kọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ibi ìfọkọ̀ ló ní ètò òwò kan níbì kan. Ó lè jẹ́ ìwé gbọọrọ tí báǹkì béèrè fún kó tó yá wọn lówó, ó sì lè jẹ́ abala méjì péré tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Èyí tó wù kó jẹ́, àfojúdá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, wọn ò tíì fọ ọkọ̀ kankan. Wọ́n fojú dá iye ọkọ̀ tó máa wọlé, wọ́n fojú dá ọṣẹ tó máa lọ, wọ́n sì fojú dá èrè. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, torí kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ì bá gbé e gbà.

Ní báyìí tí iṣẹ́ ti ń lọ, ìdáhùn sí gbogbo ohun tí ẹ fojú dá nígbà yẹn ti wà nínú ọgbà yín. Ká tún ètò kọ kò ju pé ká yọ àfojúdá kúrò, ká fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an sípò rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé ohun tó wù wọ́n láti rà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ tuntun, òrùlé tuntun, pátákó tó ń tàn yanranyanran. Wọ́n á wá jókòó kọ ètò tó máa fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n rà á. Ìyẹn kì í ṣe ètò, àwíjàre ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ètò àtijọ́ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́

Ẹ wá ètò àkọ́kọ́ jáde, kódà bó bá ń tì yín lójú. Gbogbo ibi tí nọ́ńbà bá wà, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta: “òótọ́ ni”, “irọ́ ni”, tàbí “mi ò mọ̀”. Ẹ má ṣe wá ìdáhùn kankan lọ́jọ́ yẹn. Bí “mi ò mọ̀” bá pọ̀ ju ìyókù lọ, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà nìyẹn. Bí kò bá sí ètò àtijọ́ rárá, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé òwò yín jẹ́ sí ojú-ewé kan: iye ọkọ̀ lójọ́ kan, iye tí ẹ ń gbà, iye tó ń lọ, iye tó ń kù. Èyí náà ni ẹ máa dán wò.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, láìfo ọjọ́ kan

Gbogbo ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí dúró lórí ibí yìí, ẹ má kánjú kọjá rẹ̀. Ẹ ra ìwé ńlá kan, ẹ fa ìlà sí i. Fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀, irú ọkọ̀, aago tó wọlé, aago tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, aago tó jáde, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i, iye tó san, àti ọ̀nà tó gbà san án. Ẹni kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé ìwé yìí lé lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́.

Ẹ fi ìlà méjì kún un tí ọ̀pọ̀ kì í fi sí i. Àkọ́kọ́ ni “padà wá”: ọkọ̀ tí oníbàárà ní kí wọ́n tún fọ̀ nítorí pé ìdọ̀tí ṣẹ́kù. Èkejì ni “yí padà”: ọkọ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà, tó wo èrò tó ń dúró, tó sì gba ibòmíràn lọ. Báyìí ni ojú ìwé náà ṣe máa rí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé: ọkọ̀ kékeré dé ní 8:10, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ ní 8:25, ó jáde ní 9:05, ìta àti inú, ó fi fóònù sanwó. Jíìpù dé ní 8:40, ó yí padà. Bọ́ọ̀sì kékeré dé ní 8:45, ó yí padà. Ọkọ̀ kékeré mìíràn dé ní 8:50, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ ní 9:20. Owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lálẹ́ kò lè sọ fún yín láé pé jíìpù kan àti bọ́ọ̀sì kan wá, tí wọ́n sì lọ. Ìwé yìí nìkan ló lè sọ ọ́.

Ẹ kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Òjò máa ń lé ọkọ̀ sá lọ́jọ́ tó bá rọ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ á sì tún kó wọn dé bí oòrùn bá yọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì òjò, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ibi tí iṣẹ́ ti ń há

Ẹ mú fóònù, ẹ ṣí aago inú rẹ̀ tó ń ka ìṣẹ́jú, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí ẹ kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ ka ìṣẹ́jú tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń gbà fún bí ọkọ̀ 20. Ẹ má ṣe sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ìyára wọn ni ẹ ń wò. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á sáré, iye tí ẹ máa kọ sílẹ̀ kò sì ní jẹ́ òótọ́.

Ká ní ohun tí ẹ rí nìyí: fífi omi àti ọṣẹ fọ ìta ń gba ìṣẹ́jú 12, fífa eruku inú ọkọ̀ ń gba 10, nínù ń gba 20. Ẹnì kan ló wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ kan ló sì lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ mélòó ló máa jáde ní wákàtí kan? Mẹ́ta ni. Ìpele tó lọ́ra jù ló ń pinnu fún gbogbo ìyókù. Bí ẹ bá lọ ra ẹ̀rọ omi tó lágbára jù lọ lọ́jà, tí fífọ̀ wá bọ́ sí ìṣẹ́jú 6, ọkọ̀ 3 náà ló ṣì máa jáde. Ohun tó máa yí padà ni pé ọkọ̀ tó ń kán omi tó-tó-tó máa pọ̀ sí i níwájú ẹni tó ń nù.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹnì kejì síbi nínù, tó sì ní àyè ọkọ̀ tirẹ̀, ìpele yẹn lè gba ọkọ̀ 6 ní wákàtí kan. Fífọ̀ ló wá lọ́ra jù ní báyìí, ó sì lè gba 5. Láàárín wákàtí 10, ẹ ti kúrò ní ọkọ̀ 30, ẹ ti bọ́ sí 50. Òṣìṣẹ́ kan àti tówẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló ṣe é, ẹ̀rọ kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í nítumọ̀, nítorí pé ibi fífọ̀ ni iṣẹ́ ti ń há wàyí.

Ìṣirò kan tún wà tó wúlò fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré. John Little, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1961: iye ọkọ̀ tó máa wà nínú ọgbà lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ iye tó ń wọlé ní wákàtí kan, ní ìlọ́po iye wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. Bí ọkọ̀ 4 bá ń wọlé ní wákàtí kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lo ìṣẹ́jú 45, ọkọ̀ 3 ló máa wà nílẹ̀, ìyẹn tí a bá pín in dọ́gba. Bí ẹ bá dín in kù sí ìṣẹ́jú 30, ó di ọkọ̀ 2. Nítorí náà, ẹni tó ń rò pé òun ní láti háyà ilẹ̀ sí i lè rí i pé ìṣẹ́jú 15 ló ń wá, kì í ṣe ilẹ̀. Ìpíndọ́gba ni o. Ní ọ̀sán Sátidé ó máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà wákàtí tí èrò pọ̀ jù ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò àyè.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mọ iye tí ọkọ̀ kan ń ná yín

Ẹ pín ìnáwó sí méjì. Èkíní ni èyí tó ń lọ bí ọkọ̀ bá wá, bí kò sì wá: owó ilẹ̀, owó oṣù alábòójútó, owó adójútòfò, gbèsè báǹkì. Èkejì ni èyí tó ń bá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan rìn: ọṣẹ, omi, iná tàbí epo jẹnẹrétọ̀, àti ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbà lórí ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi 100 dúró fún iye tí ẹ ń gbà lórí ọkọ̀ kan. Ká ní 40 ni ọkọ̀ náà ń jẹ, 60 ló kù. Ká tún ní 24,000 ni ìnáwó oṣù tí kì í yẹ̀. Ẹ pín 24,000 sí ọ̀nà 60, ó di ọkọ̀ 400 lóṣù. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 26, bí ọkọ̀ 16 lójúmọ́ nìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sí ibi tí ojú yín á máa tó o.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá dín owó kù ní ìdá 10 nínú 100 nítorí ẹni tó ṣí tirẹ̀ sí òdìkejì títì. 90 lẹ ń gbà, 40 ṣì ń lọ, 50 ló kù. Ọkọ̀ tí ẹ nílò ti di 480. Ìdá 10 tí ẹ yọ lára owó ti di ìdá 20 tí ẹ gbọ́dọ̀ fi kún iṣẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ kan náà, ilẹ̀ kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Bí ẹ bá fi 10 kún un dípò kí ẹ yọ ọ́, ọkọ̀ 343 ti tó. Èmi ò sọ pé kí ẹ gbówó lérí láìnídìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀dínwó ni ohun tó wọ́n jù lọ tí ẹni tó ń fọkọ̀ lè fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ òun sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ibi tí owó ti ń jò láìfọhùn jù ni kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ. Ká ní ohun tí wọ́n kọ sí ara kẹ́ẹ̀gì lítà 5 ni pé kí ẹ po ìwọ̀n ọṣẹ 1 mọ́ ìwọ̀n omi 10. Lítà 55 ló yẹ kó jáde nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó kàn ń fojú wọ̀n ọ́n, tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì sókè tó sì ń retí kí fóòmù kún gárawá, lè po ó ní 1 sí 5. Lítà 30 péré ló máa jáde. Ọkọ̀ kò mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fífi omi ṣan ọṣẹ kúrò á sì pẹ́ jù, omi á tún lọ sí i. Ife ìwọ̀n kan àti ìlà tí ẹ fi máákà fà sára gárawá ló máa wo àìsàn yìí. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò gẹ́gẹ́ bí ìlànà, pẹ̀lú iye kẹ́ẹ̀gì tó yẹ kó tán lóṣù kan, kí ẹ lè mọ̀ bó bá ti ń yà bàrá.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tún àkójọ iṣẹ́ àti iye owó tò

Ìpele mẹ́ta ti tó: ìta nìkan, ìta àti inú, àti iṣẹ́ àkànṣe tó ní dídán ara ọkọ̀ àti fífọ àga nínú. Ẹ ya owó ọkọ̀ ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára ti kékeré, nítorí àkọsílẹ̀ yín á ti fi hàn pé ìṣẹ́jú wọn kò dọ́gba. Ìṣẹ́jú ni ẹ ń tà, ọṣẹ kọ́. Ẹ pín iye tó ń kù lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí iye ìṣẹ́jú tó ń gbà. Ó lè yà yín lẹ́nu pé iṣẹ́ àkànṣe tí ẹ fi ń yangàn ń mú owó wọlé lọ́ra ju fífọ ìta nìkan lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé iṣẹ́ àkànṣe lọ sí wákàtí tí èrò kò sí, kí ẹ sì máa gbà á ní àdéhùn àkókò.

Ìsanwó oṣooṣù ti di ohun tí gbogbo ènìyàn ń gbani nímọ̀ràn rẹ̀. Ó dára, torí ó ń jẹ́ kí owó wọlé nígbà òjò pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ìwé yín. Ká ní ẹ ní kí ènìyàn san 300 lóṣù, kó máa wá fọ̀ bó ṣe wù ú. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù tẹ́lẹ̀ ń fi 120 sílẹ̀ fún yín lẹ́yìn ìnáwó. Bó bá san 300 tó wá lẹ́ẹ̀mẹrin, 140 ló fi sílẹ̀, ẹ jèrè. Ẹni tó ti ń wá lẹ́ẹ̀mẹrin látilẹ̀ ń fi 240 sílẹ̀, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di 140 fúnra yín. Ẹni tó bá sì sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ẹ̀yin lẹ̀ ń san 20 fún un. Nọ́ńbà ọkọ̀ tí ẹ ti ń kọ sílẹ̀ láti ìgbésẹ̀ 2 ló máa sọ irú ènìyàn tí ẹ ní. Ẹ fi òpin sí iye ìgbà, ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà.

Ní ti ilé iṣẹ́ tó ní ọkọ̀ púpọ̀, àwọn onítakisí àti àwọn tó ń ta ọkọ̀, àǹfààní wọn ni pé ẹ lè fi ọkọ̀ wọn sí àwọn wákàtí tí ọgbà dá páropáro. Wàhálà wọn ni pé wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sanwó. Ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó sínú àdéhùn.

Ìgbésẹ̀ 6: Omi tó ń wọlé àti omi tó ń jáde

Ẹ wọn omi yín. Ẹ gbé gárawá lítà 20 sábẹ́ ọ̀sì, ìyẹn rọ́bà tí omi ń gbà jáde, kí ẹ ka ìṣẹ́jú tó fi kún. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 2, lítà 10 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú kan, bí ẹnikẹ́ni ń lò ó bí kò sí ẹni tó ń lò ó. Ọ̀sì tó ń ṣàn nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 nígbà tí òṣìṣẹ́ ń fi ọṣẹ pa ọkọ̀ ti da lítà 50 nù. Ohun ìdíwọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ kí omi tó jáde kò wọ́n rárá, ó sì wà lára ohun tó ń yára san owó tí ẹ fi rà á padà. Bí ẹ bá ń lo táǹkì, ẹ ka iye ọkọ̀ tí lítà 1,000 ń fọ̀. Bó bá jẹ́ 8, lítà 125 ló ń lọ sórí ọkọ̀ kan, ẹ sì ti ní nọ́ńbà tí ẹ máa gbìyànjú láti dín kù.

Irú omi náà ṣe pàtàkì. Omi tí èròjà calcium àti magnesium pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń fi àmì funfun tótòtó sílẹ̀ bí ó bá gbẹ fúnra rẹ̀ lára ọkọ̀, pàápàá lára ọkọ̀ dúdú nínú oòrùn. Bí “padà wá” bá pọ̀ nínú ìwé yín, ẹ yẹ èyí wò kí ẹ tó bá òṣìṣẹ́ wí. Ẹ fọ ọkọ̀ lábẹ́ ìbòòji, ẹ nù ún kí omi tó gbẹ. Àwọn mìíràn máa ń fi omi tí wọ́n ti yọ èròjà yìí kúrò nínú rẹ̀ ṣan ọkọ̀ kẹ́yìn. Ìnáwó ni, ṣùgbọ́n ó ń dín iṣẹ́ nínù kù, ẹ sì rántí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti kọ́kọ́ há nínú àpẹẹrẹ ìgbésẹ̀ 3.

Omi ìdọ̀tí ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ètò máa ń fò dá. Epo, gírísì, ọṣẹ àti eruku bíréékì ló wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kó ṣàn wọ gọ́tà òjò, nítorí ibi púpọ̀ ni gọ́tà òjò ti ń lọ tààrà sínú odò láìjẹ́ pé wọ́n sẹ́ ẹ. Kòtò tí wọ́n pín sí yàrá-yàrá ló ń ṣiṣẹ́ yìí: iyanrìn á rìlẹ̀ ní yàrá àkọ́kọ́, epo á léfòó nítorí ó fúyẹ́ ju omi, páìpù tó ń gbé omi jáde á sì fà á láti àárín, lábẹ́ epo. Ẹ mọ̀ pé ọṣẹ tó le gan-an, èyí tí wọ́n fi ń fọ ẹ́ńjìnnì, máa ń fọ́ epo sí wẹ́wẹ́ mọ́ omi, epo náà kò sì ní léfòó mọ́. Ẹ dín lílò rẹ̀ kù, ẹ sì fi owó kíkó kòtò sínú ìnáwó oṣù. Òfin nípa omi yìí yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ lọ bi ọ́fíìsì tó ń bójú tó àyíká níbi tí ẹ wà, kí ẹ sì fi ìwé àṣẹ sí ẹ̀yìn ètò.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ̀rọ

Kí ẹ tó kọ “ẹ̀rọ tuntun” sílẹ̀, ẹ yẹ èyí tó wà nílẹ̀ wò. Ẹnu tí omi ń gbà jáde lára ẹ̀rọ máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti fẹ̀, omi á pọ̀ sí i, agbára rẹ̀ á sì dínkù, gbogbo ènìyàn á máa sọ pé ẹ̀rọ ti darúgbó. Kò ju kí ẹ pààrọ̀ ẹnu yẹn lọ. Àwọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ bí omi ṣe ń fẹ̀: pupa ń tu ú ní ṣóńṣó kan ṣoṣo, yẹ́lò jẹ́ dígíríì 15, àwọ̀ ewé jẹ́ 25, funfun jẹ́ 40, dúdú sì wà fún ọṣẹ. Funfun ló dára jù fún ara ọkọ̀. Ẹ kó pupa kúrò ní ọgbà pátápátá, ó lè ṣí ọ̀dà kúrò lára ọkọ̀, ó sì lè ya ara ènìyàn.

Ẹ tún wò bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ti jọ̀wọ́ ọwọ́ ìtẹ̀ rẹ̀. Omi kan náà á máa yí po nínú páǹpù, á máa gbóná, rọ́bà tó ń dí omi nínú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì páǹpù gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ.

Bó bá wá dáni lójú pé ẹ̀rọ tuntun yẹ, ẹ sọ iye rẹ̀ di iye ọkọ̀. Ẹ̀rọ tó jẹ́ 18,000, tí ẹ retí pé á lo ọdún 3, jẹ́ 500 lóṣù. Pẹ̀lú 60 tó ń kù lórí ọkọ̀ kan, ọkọ̀ 9 ni ẹ gbọ́dọ̀ fi kún iye tí ẹ ń fọ̀ lóṣù kó tó san owó ara rẹ̀. Bí “yí padà” inú ìwé yín bá tó 40 lóṣù nítorí ibi fífọ̀, ẹ rà á. Bó bá jẹ́ 3, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Àwọn tó ń fọ ọkọ̀

Ẹni tí ẹ bá ń sanwó fún lórí iye ọkọ̀ nìkan á sáré, ìdọ̀tí á sì ṣẹ́kù sí ìdí ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń gba owó oṣù nìkan kò ní bìkítà bí ọkọ̀ bá yí padà. Èyí tí mo fara mọ́ ni owó oṣù díẹ̀ tó dájú, pẹ̀lú àjẹmọ́nú lórí ọkọ̀ tí kò “padà wá”. Ẹ má ṣe gé owó ẹnikẹ́ni nítorí òjò.

Ẹ kọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sínú ètò ní ìlànà tí ọmọ iṣẹ́ tuntun lè kà. Táyà àti rímù ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, ní gárawá àti kànìnkànìn tiwọn. Láti orí ọkọ̀ wá sísàlẹ̀ ni kí ẹ máa fọ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni iyanrìn pọ̀ sí. Gárawá méjì ni fún ara ọkọ̀: ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún fífọ iyanrìn kúrò lára kànìnkànìn kó tó padà sínú ọṣẹ. Tówẹ́ẹ̀lì tó bá bọ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ tún kan ara ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan ló lò nílẹ̀. Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ kò sí fún ọkọ̀, ó ń bó ìda tó ń dáàbò bo ọ̀dà.

Kí omi tó kan ọkọ̀, kí òṣìṣẹ́ bá ẹni tó ni ín yí i ká, kí wọ́n ya àwòrán ibi tó bá ti họ tàbí tó ti tẹ̀. Kí wọ́n sọ fún un kó kó ohun iyebíye rẹ̀ jáde. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ń fi í kọ́, kì í ṣe inú àpò ẹnikẹ́ni. Fífọ ẹ́ńjìnnì ní ewu tirẹ̀ nítorí wáyà àti àwọn ohun tí iná ń gbà kọjá. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 9: Owó oṣù 12, lójú méjèèjì

Ẹ ya tábìlì oṣù 12. Ẹ kọ owó tó máa wọlé lóṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ èyí tó máa jáde, ẹ kọ ohun tó kù. Ẹ má ṣe fi iye kan náà sí oṣù 12. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ gan-an, oṣù òjò á fà sẹ́yìn. Níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ìgbà òtútù lè jẹ́ ìgbà iṣẹ́ nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì, èyí tó ń jẹ irin ọkọ̀. Gbèsè báǹkì kò mọ oṣù òjò, nítorí náà oṣù tó burú jù ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe ìpíndọ́gba.

Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: bó ṣe wà nísinsìnyí, bí ọkọ̀ bá dínkù ní ìdá 20 nínú 100, àti bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ẹ ní bá bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ̀dà kẹta ló ń lani lójú jù. Bí owó bá tán nínú rẹ̀ kí oṣù tó parí, owó ìpamọ́ ló yẹ kó ṣáájú nínú ètò, ṣáájú òrùlé, ṣáájú pátákó.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ wá kọ ọ́

Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, ọ̀rọ̀ á tẹ̀lé e. Ojú-ewé àkọ́kọ́ tó sọ gbogbo rẹ̀ ní ṣókí ni kí ẹ kọ kẹ́yìn. Ẹ fi tábìlì kan sí i tó gbé àfojúdá àtijọ́ sí apá kan, tó gbé ohun tí ìwé yín sọ sí apá kejì. Ẹni tó fẹ́ yá yín lówó á gba tábìlì yẹn gbọ́ ju ọ̀rọ̀ dídùn lọ, kódà níbi tó ti fi yín hàn pé ẹ ṣì í. Ẹ sọ àtúnṣe mẹ́ta péré tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́ tó máa parí, àti nọ́ńbà tó máa fi hàn pé ó ṣiṣẹ́. “A fẹ́ mú iṣẹ́ dára sí i” kò ṣeé wọ̀n. “Ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ ń lò nínú ọgbà á kúrò ní 45, á di 30, kí oṣù kẹta tó parí” ṣeé wọ̀n.

Ní ti àwọn tí ẹ jọ ń ṣe òwò yìí ládùúgbò, ẹ lọ fọ ọkọ̀ tiyín lọ́dọ̀ wọn bí oníbàárà. Ẹ ka ìṣẹ́jú, ẹ wo ìdí ilẹ̀kùn, ẹ kọ owó. Ìpínrọ̀ kan ti tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ máa ṣí ètò yìí lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ má ṣe dúró de oṣù kẹta bí owó ọṣẹ tàbí ti iná bá gbéra ju ìdá 10 nínú 100 lọ, bí ẹlòmíràn bá ṣí tirẹ̀ nítòsí, tàbí bí oníbàárà kan ṣoṣo bá ti ń mú ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó yín wá. Ẹ kọ déètì sórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú èyí àtijọ́ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ fi kọ ọ́, nítorí ẹ máa nílò méjèèjì nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà.